Ọjọ́ Mẹ́rin Lábẹ́ Òrùlé Koríko: Èmi àti Màmá Mi ní Milton Abbas

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Karùn-ún 2024. Láti London dé Blandford

Ó ti tó ọdún kan tí àwọn mọ̀lẹ́bí wa ní Ìsẹ́yìn ti ń sọ ọ́ pé kí wọ́n wó ilé bàbá màmá mi. Ilé alámọ̀ ni. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bò ó nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, kó tó di pé wọ́n gbé páánù lé e. Nígbà tí Màmá wá kí wa ní London lóṣù tó kọjá, mo fi fọ́tò Milton Abbas, abúlé kan tó wà ní agbègbè Dorset ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, hàn wọ́n: ilé funfun, òrùlé koríko, ilé funfun, òrùlé koríko, títí dé ìsàlẹ̀ òkè. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ṣé òyìnbó náà ń gbé inú ilé koríko ni? Mú mi lọ síbẹ̀."

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo láàárọ̀, a sì sọ̀kalẹ̀ ní Poole lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì. Kí ẹni tó bá ń lọ mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kì í dé Blandford Forum, ìlú tó wà nítòsí abúlé náà tí a fẹ́ sùn sí, mọ́; láti 1966 ni wọ́n ti ti ibùdókọ̀ ibẹ̀ pa fún èrò. Bọ́ọ̀sì la wọ̀ láti Poole. Pọ́ùn méjì péré la san lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, nítorí gbèdéke tí ìjọba fi sí owó bọ́ọ̀sì lọ́dún 2024 yẹn. Ẹ jókòó sí òkè bọ́ọ̀sì náà bí orúnkún yín bá gbà á, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí òrùlé koríko àkọ́kọ́ kọjá ọgbà àwọn ènìyàn.

A fi ẹrù sílẹ̀ nílé tí a gbà (£90 lálẹ́ kan fún yàrá oníbẹ́ẹ̀dì méjì, oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀), a sì jáde lọ wo ìlú. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì ni pé àárín ìlú Blandford kò ní ilé koríko kankan. Bíríkì ni gbogbo rẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà lára ilé kékeré olókùúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n kọ́ lé ẹ̀rọ omi lórí ní 1760. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1731, iná sọ, láàárín wákàtí díẹ̀ ó jó ṣọ́ọ̀ṣì àti bí gbogbo ìlú run, ó pa ènìyàn 14, ó sì ran abúlé méjì tó wà nítòsí. John Bastard tó gbé ilé omi náà kalẹ̀ wà lára àwọn tí iná jó dúkìá wọn. Kọ́lékọ́lé ni òun àti àbúrò rẹ̀ William, àwọn ló sì ṣáájú nínú títún ìlú náà kọ́.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, bàbá wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, àfi kí wọ́n ti se oúnjẹ tán kí oòrùn tó wọ̀. "Ẹyọ iná kan ló ń jó odidi agboolé." A jẹ ẹja díndín àti ọ̀dùnkún lálẹ́, £11.50 lẹ́nì kan. Awo kan tó méjèèjì wa jẹ, ẹ má ra méjì.

Ẹtì, 17 oṣù Karùn-ún. Milton Abbas

Takisí la bá lọ, £28, kò sì pẹ́ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ojú ọ̀nà tín-ínrín, igbó kéékèèké ga lọ́tùn-ún lósì débi pé tí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ọ̀kan ní láti padà sẹ́yìn. Lójijì ọ̀nà yà, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀, abúlé náà sì yọ.

Mo ti wo fọ́tò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ mo dúró lójú kan. Títì kan ṣoṣo ni. Ilé 36 tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì rẹ̀, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra bí ìbejì, pápá koríko tútù wà níwájú ìkọ̀ọ̀kan, igbó sì dúró lẹ́yìn wọn bí odi. Ògiri funfun, fèrèsé kéékèèké. Òrùlé wá sọ̀kalẹ̀ bí ẹni fi fìlà bo iwájú orí dé ibi ìpéǹpéjú. Ibi tí fèrèsé òkè wà, koríko náà gun orí rẹ̀ kọjá ní ìlọ́po rọ̀bọ̀tọ̀, kò sí ibi tí ó ti gé ṣánṣán.

Màmá kò ya fọ́tò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ògiri ilé kan tó wà létí ọ̀nà, níbi tí ẹfun tí wọ́n fi kùn ún ti ṣí tó bí àtẹ́lẹwọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ tì wọ́n. Amọ̀ ni. Amọ̀ rẹ́súrẹ́sú, tí òkò ẹfun kéékèèké wà nínú rẹ̀, tí ègé pòròpórò àlìkámà sì yọ orí síta. Màmá fi ìka kan kàn án, wọ́n gbé ìka náà sí imú. "Amọ̀ ni lóòótọ́," ni wọ́n sọ, bí ẹni tó ti ń rò pé mo ń tan àwọn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí abúlé yìí ṣe débẹ̀, nítorí ẹwà rẹ̀ ní ìtàn tó ń dun ni. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ìlú wà tẹ́lẹ̀. Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Middleton, ìlú tó ní ọjà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn ńlá tí àwọn mọ́ńkì (àwọn ọkùnrin tó fi gbogbo ayé wọn sin Ọlọ́run) fi sílẹ̀. Joseph Damer, tó di Lord Milton, ra ilẹ̀ gbogbo ibẹ̀ ní 1752. Ó fẹ́ ilé ńlá, ó sì fẹ́ kí ojú òun máa rí pápá àti igi nìkan. Ìlú náà ń dí i lójú. Bí ìwé ilẹ̀ oníkálukú ṣe ń parí ló ń wó ilé wọn, ó sì gbé iṣẹ́ fún Capability Brown, ẹni tó mọ iṣẹ́ títún ilẹ̀ ṣe jù lọ nígbà náà, àti William Chambers tó jẹ́ ayàwòrán ilé. Títì tí mo dúró sí yìí ni wọ́n kọ́ fún àwọn tó kù, ní nǹkan bí 1780, nínú àfonífojì tí Lord Milton kò ti ní máa rí wọn láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ilé tó kọ́ kò tó ti ìlú tó wó. Ìdílé méjì-méjì ló sì pín ilé kọ̀ọ̀kan.

Ẹnì kan wà tí kò gbà, lọ́yà kan tó ń jẹ́ Harrison. Ohun tí wọ́n ń sọ títí dòní ni pé Lord Milton ní kí wọ́n ṣí omi adágún sí ilé rẹ̀ kó lè sá, ọkùnrin náà gbé e lọ sí kóòtù, ó sì jàre. Nígbà tí mo sọ èyí fún Màmá, wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè ìbéèrè tí mi ò rí ìdáhùn sí: "Àwọn tí kò rí ilé gbà ńkọ́, ibo ni wọ́n lọ?"

Agbedeméjì títì náà ni ilé àwọn arúgbó aláìní wà. Láti 1674 ló ti wà ní ìlú àtijọ́, òun ni wọ́n tú wá síbí. Ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ ní 1786. A jẹ kéèkì ápù tí Dorset fi lókìkí (£4.50), Màmá sì mu tíì láìfi mílíìkì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá lọ kó má ṣe yọjú wo fèrèsé. Ènìyàn ló ń gbé inú ilé wọ̀nyí. Ìyọlẹ́nu wọn sì ti tó pẹ̀lú bí àwa àlejò ṣe ń rìn níwájú ilé wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Aago mẹ́rin ni a bá takisí sọ pé kó wá gbé wa padà. Kò wá. Òjò dé. Fóònù mi kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, nítorí ìsàlẹ̀ àfonífojì la wà. A sá sí abẹ́ etí òrùlé ilé kan, ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé kò sí gọ́tà níbẹ̀. Koríko náà yọ síta jìnnà sí ògiri, ọ̀ṣọ̀rọ̀ sì ń já bọ́ síwájú wa bí aṣọ títa, kò kan ògiri rárá. A dúró láàárín ọ̀ṣọ̀rọ̀ àti ògiri, ara wa gbẹ. "Báyìí la ṣe máa ń dúró lẹ́yìn ilé bàbá mi," ni Màmá sọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyáàfin kan tó ti dàgbà ju Màmá lọ yọjú, wọ́n wò wá, wọ́n ní ká wọlé kó tó di pé ẹ̀fúùfù yí padà. Wọn kò béèrè orúkọ wa kí wọ́n tó fi omi sórí iná.

Inú ilé náà ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Àjà rẹ̀ kò ga, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kàn án. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ojú fèrèsé tó bẹ́ńṣì, ibẹ̀ ni wọ́n fi Màmá jókòó sí. Ẹnu ìyáàfin náà la ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ nípa ilé alámọ̀, pé kò béèrè ju fìlà tó dára àti bàtà tó dára lọ. Fìlà ni òrùlé tó yọ síta. Bàtà ni ìpìlẹ̀ òkúta tàbí bíríkì tó gbé amọ̀ kúrò nílẹ̀, kí omi má baà gun ún láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ni ilé náà ṣáájú àwọn ti fi síméntì rẹ́ ẹ̀yìn ògiri, ló bá di pé ògiri ń làágùn. Ọ̀rinrin tó wọnú amọ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí wọ́n ha síméntì náà kúrò, tí wọ́n sì padà sí ẹfun, láàárín ọdún méjì ògiri gbẹ.

Bí mo ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i tí ojú Màmá yí padà. Ilé bàbá wọn, 1988 ni wọ́n fi síméntì rẹ́ ẹ, àwọn gan-an ló fi owó ránṣẹ́. Kò pé ọdún mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. "Èmi rò pé amọ̀ náà ló ti gbó," ni wọ́n sọ. Wọn kò tún sọ̀rọ̀ títí tíì wọn fi tutù.

Ìyáàfin náà fi ọkọ̀ wọn gbé wa padà sí Blandford, wọn kò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tó ń lọ, ẹ bá awakọ̀ méjì sọ̀rọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹyọ kan, ẹ sì kọ nọ́ńbà wọn sórí ìwé.

Àbámẹ́ta, 18 oṣù Karùn-ún. Lórí àkàbà

Ìyáàfin wa ti àná ló júwe rẹ̀ fún wa: ọkùnrin kan wà ní abúlé kejì tó ń bo ilé lọ́wọ́, kì í lé àlejò. Takisí mìíràn ló gbé wa dé ibẹ̀, £22, a sì sanwó ìpadà sílẹ̀.

Ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni, ọmọ iṣẹ́ kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé bàbá màmá mi máa ń fi koríko bo ilé, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà wá kí Màmá. Kò ṣe bí ẹni tó ń gba àlejò. Bí oníṣẹ́ ṣe ń kí oníṣẹ́ ni.

Pòròpórò àlìkámà ló ń lò. Ó ní oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pòròpórò àlìkámà àti koríko etí omi tó jọ eèsún, èyí tí Norfolk fi lókìkí. Koríko etí omi a máa pẹ́ ju ti àlìkámà lọ. Ti àlìkámà a máa lo bí ọdún 25 sí 40 tí ọwọ́ tó bò ó bá mọ́ tí òrùlé sì dà dáadáa, àmọ́ téńté òrùlé, ibi tí oòrùn àti òjò ti ń dojú kọ ọ́ jù, ó ní láti tún un ṣe ní bí ọdún 10 sí 15. Àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì lónìí kò wúlò fún un, ó ti kúrú jù, ẹ̀rọ ìkórè sì ń fọ́ igi rẹ̀ wẹ́wẹ́. Àgbẹ̀ kan ló ń gbin irú àtijọ́ tó ga fún un, Maris Widgeon lorúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń di ìtí ni wọ́n sì fi ń kórè rẹ̀.

Ó fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn wá. Ó gbé ìdì kan, ó fi ìdí rẹ̀ gbá pákó kí gbogbo ìdí pòròpórò lè bára mu. Ó tẹ́ ẹ sórí òrùlé, ìdí sí ìsàlẹ̀, orí sí òkè. Ó mú pákó kan tó ní ọwọ́, tí wọ́n kan ìṣó bàtà ẹṣin mọ́ lójú, ó fi ń gbá ìdí pòròpórò náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi rí bí ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìkan lòjò máa bá pàdé, òjò á sì máa fò láti ìdí dé ìdí títí tó fi já bọ́. Nígbà tó kan ti ìdè, ó mú igi hazel tó ti là, tó gùn bí apá, ó di àárín rẹ̀ mú, ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni fún aṣọ, ó sì ká a sí méjì. Kò dá, àwọn fọ́nrán rẹ̀ kàn yí mọ́ra ni. Ó wá di bí ìkọ́ irun tí àwọn obìnrin fi ń di irun, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú ṣóńṣó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í wọnú òrùlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló ń lọ sórí ilé kan.

Màmá gba ìdì kan. Wọ́n yí i, wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n sọ fún un pé ní tiwa, ìdí ló ń wà lókè. Ìdí ni bàbá wọn máa ń so mọ́ igi òrùlé, orí koríko á wá fì sísàlẹ̀. Ọkùnrin náà rò ó. Ó béèrè pé ọdún mélòó ló ń lò. Màmá ní ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, ikán náà kì í jẹ́ kó pẹ́. Ó béèrè bóyá wọ́n máa ń yọ ti àtijọ́ kúrò. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀. Òun ní tirẹ̀, èyí tó ti jẹrà lókè nìkan ló ń yọ, abẹ́ tó bá gbẹ á fi í sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ inú òrùlé náà dé ìgbọ̀nwọ́, ó fa pòròpórò kan jáde, ó dúdú ṣùgbọ́n kò tíì jẹrà. Ó ní ẹni tó tẹ́ èyí ti kú tipẹ́.

Ibẹ̀ ni Màmá ti sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Bàbá wọn sọ fún wọn pé láyé àtijọ́, Aláàfin máa ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ, tí wọ́n máa ń ru ìtí bẹẹrẹ wọ Ọ̀yọ́ láti fi bo ààfin. Ọba kan náà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, abẹ́ koríko ló ń sùn. Mo túmọ̀ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ náà sì ní kí n tún un sọ.

Òjò kò rọ̀ lónìí. A jẹ gàrí àti ẹ̀pà lábẹ́ igi kan, Màmá sì fún ọkùnrin náà ní ẹ̀pà. Igi ìdè kan ló fi san án padà, èyí tó lọ́ níṣojú wa.

Àìkú, 19 oṣù Karùn-ún. Tolpuddle, Dorchester, London

Bọ́ọ̀sì kò pọ̀ rárá lọ́jọ́ Àìkú, ẹ fi sọ́kàn. Onílé wa ń lọ sí Dorchester, ó sì gbé wa, ó dúró díẹ̀ fún wa ní Tolpuddle.

Ilé koríko wà níbẹ̀ náà, wọ́n sì rẹwà. Àmọ́ ní 1834, lébìrà oko mẹ́fà láti abúlé yìí ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún méje fún, wọ́n sì kó wọn lọ sí Ọsirélíà, nítorí pé wọ́n búra láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti ń gé láti ṣílè mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ wá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń halẹ̀ pé yóò di mẹ́fà. Ariwo aráàlú pọ̀ débi pé wọ́n dárí jì wọ́n ní 1836. Igi síkámọ̀ tí wọ́n máa ń pàdé lábẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ti ṣófo, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. A dúró lábẹ́ rẹ̀. Mo ronú kan àwọn tó gbé inú irú ilé yìí nígbà tí owó wọn kò tó búrẹ́dì, àti àwọn tó lówó tó láti rà á lónìí. Ìyáàfin ti Milton Abbas sọ fún wa pé bíbo òrùlé tiwọn kẹ́yìn ju £20,000 lọ, owó inṣọ́ránsì sì tún wà lọ́tọ̀ nítorí iná.

Ọkọ̀ ojú irin gbéra ní Dorchester South lẹ́yìn aago mẹ́rin. A kò tíì jìnnà tí Màmá fi ní kí n pe àbúrò àwọn ní Ìsẹ́yìn.

"Àlàó, àwọn tó fẹ́ wó ilé, ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni."

"Má jẹ́ kí wọ́n tíì wá. Ṣó o wà nílé báyìí?"

Ó ní òun wà ní ojúde.

"Lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí omi ti máa ń dúró sí. Wo ẹsẹ̀ ògiri fún mi."

Ó ní ṣé kí òun má kọ́kọ́ jẹun ná. Màmá ní, "Lọ wò ó, mo ń dúró." A gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀, a gbọ́ tí ewúrẹ́ kan ké. Lẹ́yìn náà ó ní síméntì náà ti là láti ìsàlẹ̀, bí òun ṣe ń fọwọ́ kàn án ló ń já bọ́. "Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?" ni Màmá béèrè. Wọ́n ti mú igi ìdè náà jáde látinú báàgì, wọ́n dì í mú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fèsì. Ó ní ó le gbagidi.